Ìbéèrè tí Ìgbín Fi Sẹ́nu Fèrèsé

Ẹ súnmọ́ iná! Àlọ́ dé o!

“Kó wọlé, kó jókòó!”

Àlọ́ mi fò sókè, kò bà sórí igi, kò bà sórí òrùlé. Orí Ìgbín ló bà sí, àti ìyá rẹ̀ arúgbó, àti Ọ̀bọ aládùúgbò wọn, àti Òkété oníférémù.

Nígbà náà, àwọn ẹranko ní kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ta ló sọ fún yín pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ní in? Wọ́n ní in. Orí tábìlì ni wọ́n ń gbé e sí. Ẹni tó bá fẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún òun, àfi kó kọ ètò, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀lé, sínú rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni.

Òkété wá ṣe férémù. Férémù yìí dà bí ilé tí wọ́n ti gbé òpó àti òrùlé rẹ̀ dúró. Ìwọ kàn máa wọlé, kí o to àga rẹ. Fèrèsé tí à ń kọ̀wé sí wà nínú rẹ̀. Bọ́tìnnì wà nínú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọ̀ rẹ̀ á ṣú kó má baà dun ojú. Bí o bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ, á fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀.

“Kí ló kù?” Òkété a máa bi wọ́n. “Kò ku nǹkan kan!”

Gbogbo ẹranko gbà á. Ìgbín náà gbà á, ó fi ṣe ètò ìkọ̀wé.

Kí ni Ìgbín fẹ́ kọ? Oríkì ìdílé wọn ni. Ìyá rẹ̀ nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n. Ẹ sì mọ̀ pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ìgbín a pa ẹnu dé, a sùn títí òjò yóò fi rọ̀.

Ìyá ní, “Ọmọ mi, mo ti darúgbó. Bí mo bá pa ẹnu dé lẹ́ẹ̀rùn yìí, n kò rò pé n óò tún ṣí i. Wá kọ ọ́.”

Èèwọ̀ kan wà nídìí oríkì náà: wọn kì í dá a dúró lágbede méjì. Bí ó bá já, àfi kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti orí baba ńlá. Bọ́tìnnì ìtọ́jú, tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ kó má baà sọnù, wà lára fèrèsé lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ìgbín kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ìyá yóò fi dákẹ́.

Ìyá ń kì í, Ìgbín ń tẹnu mọ́ bọ́tìnnì, ó ń kọ. Wọ́n parí. Inú Ìgbín dùn. Ó sáré, ẹ má rẹ́rìn-ín, eré tirẹ̀ nìyẹn, ó tẹ bọ́tìnnì pupa tí wọ́n fi ń ti fèrèsé, fèrèsé pa dé. Ó tún ṣí i. Òfìfo! Ayọ̀ kò jẹ́ kó rántí tọ́jú rẹ̀.

Ó lọ bá Òkété. “Bàbá Òkété, férémù yín dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ ti fèrèsé, kò bi mí léèrè nǹkan kan.”

“O ní kó tì, ó tì. Kí lo tún ń fẹ́? Ṣé o gbọ́ bó ṣe dún nígbà tó ń tì? Èmi ni mo fi ohùn yẹn sí i. Ó dùn, àbí kò dùn?”

“Ó dùn, bàbá.”

“Máa lọ sílé.”

Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́. Ìyá tún kì í, ohùn rẹ̀ ti ń gbẹ. Ó ku díẹ̀ kó parí ni Ọ̀bọ yọjú.

Ọ̀bọ ní, “Kí lèyí tó pupa báyìí?” Ó tẹ̀ ẹ́. Pàá! Gbogbo rẹ̀ lọ.

Ìgbín sunkún. Ọ̀bọ ní, “Ọ̀rẹ́ mi, má bínú. Ọwọ́ mi ni kì í gbé jẹ́ẹ́.”

Ìgbín tún tọ Òkété lọ. Òkété fara ya. “Férémù mi kò ní ihò! Gbogbo ìlú ń lò ó, ta ló ráhùn? Ìwọ àti ìyá rẹ ni ẹ kò mọ̀ ọ́n lò.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìgbín wọra. Ó ní, “Ó dáa, bàbá. Bí ìgbín bá tẹnu mọ́ igi, a gùn ún. Èmi fúnra mi ni n óò dí i.”

Ó jókòó ti férémù, ó ń kọ ìbéèrè tí fèrèsé yóò máa bi ni kó tó tì. Ọ̀bọ jókòó tì í. “Èmi ni n óò máa tẹ̀ ẹ́ wò,” ni Ọ̀bọ wí. “Ta ló mọ nǹkan tẹ̀ bíi tèmi?” Ìgbín fi orin sí i. Ẹ bá mi gbè é:

Ó sọnù, mo tún kọ ọ́ o,
*Tẹnu mọ́ ọn!*
Ọyẹ́ ń bọ̀, n kò ní í sá o,
*Tẹnu mọ́ ọn!*
Ohùn ìyá mi ò ní í gbé o,
*Tẹnu mọ́ ọn!*

Ọ̀bọ tẹ̀ ẹ́. Fèrèsé pa dé tán, ìbéèrè wá yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀bọ rẹ́rìn-ín ṣubú. “Ẹrù ti kọjá kí oníbodè tó jí!” Ìgbín kò rẹ́rìn-ín. Ó tú u, ó tún un ṣe.

Ọ̀bọ tún tẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè kọ́kọ́ yọ, ṣùgbọ́n fèrèsé kò dúró gbọ́ èsì, ó pa dé. Ìgbín tú u, ó tún un ṣe.

Ọ̀bọ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Fèrèsé kò mì. Ó béèrè, ó sì ń dúró. Ọ̀bọ tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, títí ìka fi ń ro ó. Kò mì.

Ìgbín padà dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Ẹnu ìyá ti ń dì.

“Ìyá mi, ẹ dákun, ẹ̀ẹ̀kan péré sí i.”

“Ọmọ mi, èyí nìkan ló kù lára mi.”

Ó kì í láti orí baba ńlá, kò fo ọ̀kan. Nígbà tó dé òpin, ó fi èyí tí kò sí níbẹ̀ rí kún un: “Ọmọ mi Ìgbín, a-tún-un-kọ-má-káàárẹ̀.”

Omi bo Ìgbín lójú. Orí rẹ̀ tẹ̀, ó sì kan bọ́tìnnì pupa.

Fèrèsé dúró. Ó ní, “Ṣé kí n tọ́jú èyí kí n tó tì í?”

“Tọ́jú rẹ̀!” Ìgbín pariwo. “Tọ́jú rẹ̀ o!”

Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó pa ẹnu dé.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Gbogbo ìgbín ṣí ẹnu, ìyá kò ṣí i. Ìgbín ṣí fèrèsé, ó sì kì í sétí ìkarahun ìyá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò já lẹ́ẹ̀kan.

Kò pẹ́, Òkété alára ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì pupa, iṣẹ́ rẹ̀ ṣègbé. Ó wá, ó dorí kodò. “Ìgbín, jọ̀ọ́, fún mi ní ìbéèrè yẹn.” Ìgbín fún un. Ó fún gbogbo ẹranko. Ṣùgbọ́n ojú ń ti Òkété láti gbà pé férémù òun ní ihò, kò fi í sínú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ẹni tó ń kọ ètò, bí férémù rẹ̀ ti wù kó pé tó, fi ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìbéèrè náà síbẹ̀ títí dòní. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà fi ń dá yín dúró, tó ń bi yín léèrè, kó tó ti fèrèsé. Ẹ̀yin a sì máa kanra mọ́ ọn! Ìyá ẹnì kan ló jẹ́ kó máa béèrè. Ẹ fara balẹ̀ dá a lóhùn.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé nìyí. Bí ẹ bá rí ihò lára rẹ̀, ẹ dí i fúnra yín.