Òdòdó Tí Kò Rí Oorun Sùn

Ọkùnrin kan wà ní ìlú òyìnbó, ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, ó sì mọ oore. Ìyá Fìyìn, nu ojú rẹ ná kó o gbọ́. A máa tó dé orí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ.

Nígbà tí ọkùnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀hún, kò mọ ẹnì kankan. Ìyá arúgbó òyìnbó kan tó ń gbé ní ilé kejì ló gbà á bí ọmọ. Òun ló fún un ní aṣọ òtútù, òun ló mú un lọ síbi tó ti rí iṣẹ́, òun ló jókòó ti ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń rọbí. Ta ní í ṣe bẹ́ẹ̀ fún àlejò? Bí ọkùnrin náà bá ń gbàdúrà, orúkọ ìyá yìí kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó yá, ara ìyá arúgbó di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà. Kó tó lọ, ó fa òdòdó kan lé ọkùnrin náà lọ́wọ́ nínú ìkòkò amọ̀. Irú ọrọ́ kan ni, àmọ́ kò ní ẹ̀gún tó ń gún ni. Ewé rẹ̀ so kọ́ ara wọn, wọ́n sì rọ̀ sílẹ̀ létí ìkòkò. Ìyá tó bí ìyá arúgbó yìí ló gbìn ín. Lọ́dọọdún, tí ewé igi ìta bá ti wọ́ tán tí òtútù dé, ló máa ń tanná pupa.

Ìyá ní, "Tó bá ti tanná, gbé e wá kí n rí i."

Ọkùnrin wa gbé òdòdó wọlé bí ẹni gbé ìyàwó. Ibi tó dáa jù ní pálọ̀ ló gbé e sí. Ó ní ohun olóore òun kò gbọdọ̀ jìyà. Iná kì í sì í kú ní pálọ̀ yẹn. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n: ẹni tó dàgbà níbi tí gbogbo àdúgbò ti ń hó yèè pé wọ́n ti mú iná dé, tó bá wá débi tí iná kì í lọ, ṣé ó máa pa á ni? Ó ti búra pé òkùnkùn kò ní wọ ilé òun mọ́. Tọ̀sán tòru ni iná ń tàn. Ó tún gbé ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru sún mọ́ òdòdó. Bó bá jí, omi. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, omi.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Dádì, òùngbẹ ń gbẹ èmi náà o."

Òdòdó tutù yọ̀yọ̀, ewé rẹ̀ ń dán. Kò tanná. Òtútù dé, òtútù lọ, ewé lásán. Nígbà tí ewé ìta tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ́dún kejì, wọ́n pè é láti ilé àwọn àgbàlagbà pé ara ìyá kò yá, pé kò dájú pé yóò rí ọdún tuntun. Ọkàn rẹ̀ dàrú. Ó tún fi gílóòbù kún gílóòbù.

Ó lọ bá ìyá, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Màmá, ẹ má bínú. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo ṣe, kò tanná."

Ìyá bi í pé báwo ló ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ó ròyìn iná, ó ròyìn ooru, ó ròyìn omi. Ìyá arúgbó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a dúró.

"Ọmọ mi, o ò jẹ́ kó sùn!"

Ó wá là á yé e. Nígbà ìwọ́wé, tí òru ń gùn sí i, inú òkùnkùn gígùn yẹn, nínú òtútù díẹ̀, ni òdòdó náà ti ń rudi. Bí iná bá ń tàn sí i lóru, kò ní rudi láéláé. "Gbé e sí yàrá ẹ̀yìn. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ti ilẹ̀kùn. Omi díẹ̀ ti tó o. Kó o wá mú ọwọ́ kúrò lára rẹ̀."

Háà! Ohun tó nira jù fún ọkùnrin náà nìyẹn. Kó gbé ohun olóore rẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn, láàárín àpótí àti bàtà àlòkù? Lójú tirẹ̀, ìwà aláìmoore gbáà ni. Ó gbé e síbẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, á na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń tan iná, á tún ká ọwọ́ kò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó ṣílẹ̀kùn, ó rí ohun pupa kékeré kan létí ewé, kò ju hóró ìrẹsì lọ. Ó tún wò, òmíràn wà níbẹ̀. Ó pariwo, ìyàwó rẹ̀ sáré dé, àwọn méjèèjì dì mọ́ra. Kò sì gbé e padà sí pálọ̀ o! Ó ti kọ́gbọ́n. Ìgbà tó là dáadáa ló tó fi aṣọ bò ó, tó gbé e sínú ọkọ̀, tó gbé e tọ ìyá lọ. Ìyá kò lè gbórí sókè mọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ń ríran. Ó fọwọ́ kan òdòdó, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà. "O ṣeun, ọmọ mi. Mo rí i." Ọjọ́ yẹn ni ọkàn ọkùnrin náà tó balẹ̀ pé ọpẹ́ òun dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín.

Ìyá Fìyìn, mo wà níbẹ̀ nígbà tí o ń fi omijé tọrọ ọmọ yìí. Lọ́jọ́ tí Ọlọ́run dá ọ lóhùn, a jọ jó ni. Kò sẹ́ni tó máa ní kó o má dúpẹ́. Èmi gan-an ṣì ń bá ọ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ. O pè é kó tó jí, o pè é nígbà tó ń dáná, o gbé ọbẹ̀ sínú kúlà lọ bá a láìsọ fún un. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ díẹ̀ ná," lo bá sunkún wá sílé mi pé ọmọ kò moore. Ọmọ moore! Ìwọ lo ń tan iná sí i lójú. Ó ń kọ́ bí a ti ń di ìyá ilé, ibi tí ojú rẹ kò tó sì ni yóò ti kọ́ ọ. Nígbà tó bá tanná, òun fúnra rẹ̀ ni yóò pè ọ́ wá wò ó.

Fóònù rẹ dà? Fi sínú àpò. Ẹni tó fi ọmọ ta ọ́ lọ́rẹ kì í tòògbé lórí rẹ̀. Ìwọ lọ sùn.