Owó Bodè Òkè-Amọ̀

Nígbà tí ìlú Ìdí-Irú bu owó bodè gọbọi lé ìkòkò Òkè-Amọ̀, Baálẹ̀ Òkè-Amọ̀ gbẹ̀san: èèpo igi irú kò gbọdọ̀ wọ ìlú òun mọ́. Ọkàn Fọ́yèkẹ́ amọ̀kòkò dàrú, torí omi èèpo náà ni wọ́n ń wọ́n sára ìkòkò gbígbóná kó má baà jò.

Ó sun ìkòkò kan láìwọ́n ọn, ó pọnmi sí i, ó gbé e tọ Baálẹ̀ lọ. Omi jò sẹ́sẹ̀ bàbá.

“Fọ́yèkẹ́, ṣé ìkòkò rẹ ń tọ̀ ni?”

“Ẹ̀yin lẹ ní kó máa tọ̀, Baba. Èèpo tí ẹ lé padà ni ì bá dí i. Àwọn tọ̀hún náà ò ríkòkò rọ epo sí, torí owó bodè tí wọ́n bù lé e. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Ọlọ́run tó fi amọ̀ síhìn-ín, tó firú sọ́hùn-ún, kò ṣèèṣì.”

Baálẹ̀ mí kanlẹ̀, ó gba Ìdí-Irú lọ.

“Ẹ yé gba owó lórí ìkòkò, ẹ ṣí bodè yín, kí n ṣí tèmi.”

Baálẹ̀ Ìdí-Irú dìde, ó dì mọ́ ọn. “Ọpẹ́ ni fún Olúwa! Ìtìjú ni ò jẹ́ kí n ti wá bá yín.”

Kílẹ̀ tó ṣú, igi tí wọ́n fi dábùú bodè méjèèjì ti ń jó lábẹ́ ìkòkò Fọ́yèkẹ́.