Okùn Tó Gbé Àlàgbé Ṣubú

Àlàgbé ti hun aṣọ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Láti ayé baba ńlá rẹ̀, ilé wọn ló ń hun aṣọ ìwúyè fún ọba Òkè-Òwú. Ní báyìí, ìwúyè ọba tuntun ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ahunṣọ Ìsàlẹ̀-Odò sì ń ṣọ́ wọn. Bí aṣọ náà bá lábùkù pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ ààfin bọ́ lọ́wọ́ ilé Àlàgbé nìyẹn.

Láyọ̀nú, ọmọ àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń hun ún, ló wá ọ̀nà tí iṣẹ́ yóò fi yá. Tẹ́lẹ̀, ìdì òwú kọ̀ọ̀kan ló ní okùn tirẹ̀ lára òkúta tó ń fà á le níwájú òfì. Láyọ̀nú so ìdì funfun àti ìdì pupa pọ̀ mọ́ okùn kan ṣoṣo. Iṣẹ́ yá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, òwú pupa a ṣàdédé yọjú láàárín funfun. Wọn a tú u, wọn a tún un hun, a mọ́ tónítóní. Kò ní pẹ́, a tún yọ níbòmíràn.

“Ó ti sú mi, Láyọ̀nú,” ni Àlàgbé wí. “Ọwọ́ mi ò gbé e mọ́.”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ibi tó bá ti bàjẹ́ la ó máa tún ṣe.”

Láyọ̀nú dìde láti lọ sún òkúta. Okùn kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó ṣubú gbàlàjà. Ó yára dìde, ó wo iwájú bóyá àwọn èèyàn rí òun, ó gbọn eruku nù, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí Àlàgbé fẹ́ lọ mumi, ibẹ̀ náà ló ṣubú sí. Àárẹ̀ ò jẹ́ kó lè dìde.

“Pẹ̀lẹ́ o, Bàbá! Ẹ jẹ́ n gbé yín dìde.”

“Fi mí sílẹ̀ ná. Kí ló gbé mi ṣubú?”

Ó yíjú wẹ̀yìn. Okùn kan ṣoṣo tí Láyọ̀nú so ìdì méjèèjì mọ́ ló kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó sì ti dẹ̀. Ó fi ìka gbé òwú funfun sókè. Pupa bá a gòkè.

Omi bọ́ lójú arúgbó náà. Wọ́n tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, wọ́n fún ìdì kọ̀ọ̀kan ní okùn tirẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ ìwúyè gan-an ni aṣọ parí, kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀.

“Bàbá, èmi ni mo kọ́kọ́ ṣubú níbẹ̀,” ni Láyọ̀nú wí.

“Mo rí ọ. Iwájú lo wò.”

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.