Ìdí Tí Adìẹ Fi Ń Wọ Kọ̀rọ̀ Lọ Yé Ẹyin

Nígbà láéláé, nígbà tí ilẹ̀ ayé ṣì rọ̀, gbangba ìta ni adìẹ ti ń yé ẹyin. Ibi tí ẹyin bá ká a mọ́ ni: ẹnu ọ̀nà ni o, ìdí odó ni o, àárín agbo ewúrẹ́ ni o.

Adìẹ kan ń gbé ní ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró, ìyá tó ń mọ ìkòkò. Adìẹ yìí láàánú. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá.

Bó bá ti jókòó báyìí, Pẹ́pẹ́yẹ á dé. “Ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ ká lọ sódò.” Adìẹ á dìde.

Lọ́jọ́ kan, ẹyin ti fẹ́ẹ̀ bọ́ nígbà tí Ewúrẹ́ ké sí i: “Ìyá ọlọ́mọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wo ẹsẹ̀ mi, ẹ̀gún ti gún mi!”

Adìẹ fò dìde. Pọ̀ọ́! Ẹyin já lulẹ̀ lórí òkúta, ó fọ́ yángá. Ẹ̀kẹta nìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Adìẹ wo ẹyin náà títí. Ó bú sẹ́kún, ó sì tọ Àwẹ̀ró lọ.

“Ìyá mi, ẹ gbà mí. Báyìí ni n ò ní bímọ kankan láyé.”

“Kí lo wá fẹ́?”

“Igun kékeré kan ni, mà. Kí n máa rí ibi jókòó sí lójoojúmọ́, kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀.”

Àwẹ̀ró mí kanlẹ̀. “Ọ̀rọ̀ rẹ yé mi. Bí mo bá ń mọ ìkòkò tí wọ́n sì ń pè mí ṣáá, ńṣe ni ọrùn rẹ̀ máa ń wọ́.”

Ó gbé ìkòkò kan tó ti sán sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, ó sì da ewé gbígbẹ sínú rẹ̀.

“Ṣùgbọ́n bí o bá ṣe tán, ké sí mi o, kí n má bàa rò pé ejò ti gbé ọ.”

Lọ́jọ́ kejì, Adìẹ wọnú ìkòkò. Kò pẹ́ tí Pẹ́pẹ́yẹ bẹ̀rẹ̀: “Adìẹ o! Adìẹ o!”

Adìẹ ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ó rántí òkúta àná, ó sì rọra jókòó padà.

Pẹ́pẹ́yẹ pè títí, ó sú u, ó dá lọ sódò. Ewúrẹ́ lá ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Nǹkan kan ò bàjẹ́. Adìẹ di ojú, ó ń gbọ́ èémí ara rẹ̀. Ara tù ú pẹ̀sẹ̀.

Nígbà tó dìde, ẹyin rẹ̀ wà nílẹ̀, ó lọ́wọ́ọ́wọ́, ó pé pérépéré. Ó bẹ́ sóde pẹ̀lú ariwo: “Kọ̀-kọ̀-kọ̀-kẹ́! Ìyá mi o, mo ti yé e!”

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín, ó da àgbàdo fún un. Adìẹ jẹun tán, ó sì lọ bá Ewúrẹ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni adìẹ tó bá fẹ́ yé ẹyin ti máa ń yẹra fún ẹgbẹ́, tí yóò wọ kọ̀rọ̀ lọ, tí kò sì ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ṣùgbọ́n bó bá jáde, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́.