Ojú Ọ̀run Ọyẹ́

Àjàgbé àti Látúnjí, àgbà méjì tó fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ rélùwéè ní Ọ̀fà, jọ ń ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré kan sórí tábìlì. Àjàgbé ya ojú ọ̀run sára pátákó tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà, ojú ọ̀run ọyẹ́ tó rí bí omi ògì, bó ṣe rí lọ́jọ́ tí ọkọ̀ gbé ọmọ rẹ̀ lọ tí kò padà mọ́. Ìdajì pátákó ṣì ṣófo. Kí Àjàgbé tó jẹun dé, Látúnjí ti fi ọ̀dà búlúù bo iṣẹ́ rẹ̀.

"Ojú ọ̀run wo ló rí báyẹn?" ni Látúnjí wí.

"Ìwọ lo fọn fèrè fún ọkọ̀ ọjọ́ náà. Ṣé o ò wòkè ni? Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfarakanra, tèmi lo wá bà lé."

Àjàgbé fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó relé. Títí dòní, ọkọ̀ ń yí lábẹ́ búlúù, kò sẹ́ni tó ń bá Látúnjí wò ó.