Igbó Orísun Omi Ọlátẹjú

Òjẹ́dìran jẹ́ àgbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Ọ̀dá ló lé òun, Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn kúrò nílùú wọn, tí wọ́n fi dé abúlé Ọlátẹjú. Ọlátẹjú ló jogún ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́wọ́ baba rẹ̀. Ó wo àwọn ọmọ tí ebi ti hàn lójú wọn, àánú ṣe é, ó sì fún wọn nílẹ̀ dáko.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú nìkan. Ó pe àwọn àgbà ṣe ẹlẹ́rìí.

“Ohun tí o bá gbìn, tìrẹ ni. Èmi tí mo nilẹ̀ kò gbọdọ̀ wa iṣu rẹ kan. Bọ́dún bá yí po, wàá mú iṣu díẹ̀ wá ṣe ìṣákọ́lẹ̀. Má bẹ́ ẹyìn orí ọ̀pẹ, má gbin obì. Igbó kékeré tó bo orísun omi wa yẹn, má fi àdá kàn án.”

“Mo gbọ́, baba. Ẹ ṣeun.” Òjẹ́dìran dọ̀bálẹ̀.

Ó pa àdéhùn mọ́ fún ọdún mélòó kan. Iṣu ta, àwọn ọmọ sanra. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára igbó yẹn, torí ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó sì tutù.

“Ahun ni baba yìí,” ó wí fún ìyàwó rẹ̀. “Ó fi ilẹ̀ tó dára jù pa mọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀.”

“Bàbá Òjẹ́wùmí, wọ́n ní ká má débẹ̀. Bí wọ́n bá lé wa, ibo la fẹ́ kó ọmọ lọ?”

“Ta ni yóò lé ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀?”

Ẹ wá wo ẹni tó fi iṣu díẹ̀ san ìṣákọ́lẹ̀, tó sọ ara rẹ̀ di onílẹ̀. Ó ṣán igbó náà, ó sun ún, ó kọ ebè sí i. Òjò wọ́ erùpẹ̀ ebè dí ojú orísun. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, tí kò sí ìbòji mọ́, omi gbẹ. Ọ̀nà jíjìn ni gbogbo abúlé ti ń lọ pọnmi.

Inú bí àwọn ará abúlé. Wọ́n ní àfi káwọn hú iṣu rẹ̀ dànù, káwọn lé e lọ́jọ́ náà.

“Rárá,” ni Ọlátẹjú wí. “Iṣu rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kó wà á tán. Ṣùgbọ́n Òjẹ́dìran, o ti ba àdéhùn jẹ́. Bí o bá kórè tán, dá ilẹ̀ mi padà.”

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó ń sunkún.

Kí ìkórè tó parí, Ọlátẹjú ti gbin igi mìíràn yí orísun ká. Nínú omi tí wọ́n ń pọn wálé láti ọ̀nà jíjìn ló ti ń bù bomi rin wọ́n. Lọ́jọ́ tí Òjẹ́dìran ń lọ, ó ru ẹrù iṣu, ó sì fẹ́ gba àbùjá. Àárín àwọn igi kéékèèké náà ló gbà, ó ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, kò wẹ̀yìn. Ojú ti Àwẹ̀ró. Ó kó àwọn ọmọ gba ẹ̀bá kọjá. Ọlátẹjú wá bọ́ bàtà rẹ̀, ó ń wá ibi tí yóò fẹsẹ̀ sí láàárín igi, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń gbé èyí tí kò tíì ṣẹ́ nàró.

Ohun tí ojú àwọn àgbà rí lọ́jọ́ náà ni wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: onílẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, àjòjì ń tẹ̀ ẹ́ gìrìgìrì.