Apẹ̀rẹ̀ Mẹ́ta Ọ̀kẹ́rẹ́

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ jẹ́ kó dún dáadáa, ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn. Àlọ́ mi gbéra, kò balẹ̀ sílé ọba, kò balẹ̀ sílé ìjòyè. Orí Ọ̀kẹ́rẹ́ ló balẹ̀ sí, Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Àwẹ̀ró, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ẹ má retí ẹ̀rín lónìí.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀gbẹlẹ̀ kan jà nínú igbó, ó pa ọmọ ẹranko tó pọ̀. Nígbà tí òjò padà dé, tí igi so, Ìyá Ẹtu, àgbà obìnrin inú igbó, pe gbogbo ilé jọ. Ó ní èso tó ń jẹrà lábẹ́ igi yìí ni ì bá gba àwọn tó kú là. Ó ní kí ilé kọ̀ọ̀kan gé máńgòrò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ wẹ́wẹ́, kí wọ́n sá a sórí àpáta títí yóò fi gbẹ dénú, kí wọ́n sì kó apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta wá sínú àká tí gbogbo wọn jọ ni. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá tún dé, ẹni tó ń wúkọ́ á rí nǹkan jẹ lẹ́nu, abiyamọ á rẹ tirẹ̀ sómi mu kí ara rẹ̀ lè le, ọmọ tí ebi ti sọ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ á rí ohun gbé ẹ̀mí ró. Gbogbo wọn gbà. Ọ̀kẹ́rẹ́ náà gbà, ohùn rẹ̀ ló tilẹ̀ ròkè jù.

Àwẹ̀ró ló ń yí èso wọn padà lórí àpáta. Ó ń kọrin, ẹ bá mi gbè é:

Mo yí i sọ́tùn-ún,
*Kó gbẹ!*
Mo yí i sósì,
*Kó gbẹ!*
Èyí tó tutù kì í wọ àká,
*Kó gbẹ!*

Ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó síbẹ̀, ó ń wo èso, inú ń bí i. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká, oòrùn ti ń sọ ọ́ di ẹyọ kan. Ó rò ó pé kí apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta tó kún, kò ní ku ohun tí òun fúnra òun máa jẹ. Ní ọjọ́ kejì péré, ó ní kí wọ́n kó o nílẹ̀.

Àwẹ̀ró ní, "Bàbá, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Mú èyí tó gbẹ bo ojú rẹ̀. Ta ni yóò tú ìdí apẹ̀rẹ̀ wò? Àwọn ẹlòmíì ni yóò jẹ tiwa. Àwa yóò jẹ tiwọn."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Àwẹ̀ró, a kì í fi àká ṣeré o."

Ọ̀kẹ́rẹ́ dìde. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta lọ, àwọn tí ìyàwó rẹ̀ fi okùn ìko pupa dì létí. Wọ́n yìn ín lẹ́nu àká, nítorí tirẹ̀ ló wúwo jù. Torí pé ó wúwo, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n tò ó sí. Ó padà sílé, ó jẹ máńgòrò tó kù títí ikùn rẹ̀ fi yọ síta.

Ọyẹ́ dé. Odò gbẹ. Igi wọ́wé. Ebi wọlé, ikọ́ tẹ̀lé e. Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ jìn, kò lè gbé orí mọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ fẹ́ràn ọmọ yìí, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ mọ́ ọn. Ó gbé igbá, ó sáré lọ bẹ Ìyá Ẹtu pé kí ó ṣí àká.

Ìyá Ẹtu ṣílẹ̀kùn. Òórùn ló kọ́kọ́ jáde. Apẹ̀rẹ̀ òkè ti bu. Ti àárín ti bu. Gbogbo rẹ̀ hu irun funfun. Wọ́n tú u dé ìsàlẹ̀, wọ́n bá apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta tó ti di ẹrẹ̀ dúdú. Àwọn ló ran gbogbo ìyókù. Ìko pupa ṣì wà létí wọn, kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó ni ín.

Ọ̀kẹ́rẹ́ mú ègé máńgòrò kan. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ń wá ibi tí kò bu tó lè gé fún ọmọ.

"Má fún un," ni Ìyá Ẹtu wí. "Májèlé ni."

Ó tún yí i. Kò sí ibi tó dára.

Kí oòrùn tó wọ̀, Àwẹ̀ró kú. Ọmọ Ehoro tẹ̀lé e, ọmọ Òkété méjì tẹ̀lé e. Kò sẹ́ni tó na Ọ̀kẹ́rẹ́, kò sì sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ tú ìko pupa náà, ó fi di ẹní tí wọ́n fi wé ọmọ. Wọ́n sin ín tán, ó lọ sílé bàbá rẹ̀, kò padà.

Láti ọjọ́ náà, bí Ọ̀kẹ́rẹ́ bá mú èso, ẹ wò ó dáadáa. Kì í gé e jẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yóò fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, yóò yí i sọ́tùn-ún, yóò yí i sósì. Ẹ̀yin ọmọdé rò pé eré ló ń ṣe.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ohun tí gbogbo wa jọ kó pamọ́, ẹni tó bá fi èrú sí i, ilé ara rẹ̀ ló fi í sí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí èso tí mo sá má gbẹ láé. Ẹ dìde, ẹ lọ sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ó bá mi yí máńgòrò orí páànù, kí ẹnikẹ́ni má sì kó o kí ó tó gbẹ.